Ọjọ́ Tí Ẹ Ṣí I Ni Kí Ẹ Kà: Bí A Ṣe Ń Mọ Ohun Ìṣaralóge Tó Ti Kọjá Lílò

Bí a bá fẹ́ ra fàùndéṣọ̀n tàbí àtíkè, ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ tẹ̀ sí ìdí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń wò. Kò burú, àmọ́ ìgò tí ẹnikẹ́ni ò tíì fọwọ́ kàn ni wọ́n ṣírò ọjọ́ yẹn fún. Gbàrà tí ẹ bá ti já èdìdì rẹ̀, tí atẹ́gùn wọlé, tí ìka tàbí búrọ́ọ̀ṣì kan inú rẹ̀, kíkà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ó sì máa ń yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Màsíkárà tí wọ́n kọ 2028 sí lára, tí ẹ ṣí ní oṣù kìíní, kò yẹ kó bá yín dé oṣù karùn-ún ọdún kan náà.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kò ju ti ọ̀sán Sátidé kan lọ, Sátidé tí kò sí òde tí ẹ ń lọ, bí irú rẹ̀ bá wà.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ síta

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ẹ da gbogbo ohun tó wà nínú báàgì, dúrọ́ọ̀ àti pọ́ọ̀sì sórí rẹ̀, títí kan àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ojúmọmọ ni kí ẹ lò, nítorí iná gílóòbù kì í jẹ́ kí èèyàn rí fàùndéṣọ̀n tó ti pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ wá máàkà tí omi ò lè pa rẹ́, téèpù bébà, tíṣù, àti sípíríìtì tí wọ́n ń tà ní kẹ́místì.

Ẹ ka ohun tó wà lára rẹ̀

Ẹ yí ìgò náà sódì, tàbí kí ẹ wo ẹ̀yìn páálí rẹ̀. Ẹ óò rí àwòrán kékeré kan: ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ ṣí sókè, pẹ̀lú nọ́ńbà àti lẹ́tà M nínú rẹ̀ tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. 6M, oṣù mẹ́fà; 12M, oṣù méjìlá; 24M, ọdún méjì. Láti ọjọ́ tí ẹ bá ṣí i ni wọ́n ti ń kà á. Ilẹ̀ Yúróòpù ló sọ àmì yìí di dandan ní 2005 fún ọjà tó lè dúró ju oṣù 30 lọ láì ṣí i. Èyí tí kò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ ọjọ́ ìparí sí, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwòrán agogo oníyanrìn. Nítorí náà, bí àǹtí yín bá mú lípsítíìkì wá láti Lọ́ńdọ̀nù tí ẹ ò rí ọjọ́ ìparí kankan lára rẹ̀, kò túmọ̀ sí pé ayédèrú ni. Ìkòkò ni kí ẹ wá.

Ti Amẹ́ríkà tún yàtọ̀. Òfin wọn kò fi dandan lé e pé kí ilé iṣẹ́ kọ ọjọ́ ìparí sára ohun ìṣaralóge lásán. Èyí tó bá ní SPF, tó ń gba awọ ara lọ́wọ́ oòrùn, oògùn ni wọ́n kà á sí níbẹ̀, abẹ́ òfin oògùn ló sì wà. Bí ọjà láti ọ̀hún ò bá ní ọjọ́ tàbí ìkòkò, ẹ wá nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ tàbí tí wọ́n gbẹ́ sí ìdí rẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà mélòó kan tí kò dà bí ọjọ́. Nọ́ńbà bátìṣì nìyẹn, ìyẹn nọ́ńbà àwọn tí wọ́n jọ ṣe pa pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tó ṣe é láti béèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, tàbí kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ọ̀kan nínú àwọn ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì tó ń túmọ̀ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé iṣẹ́ ni àwọn ojúlé yẹn mọ nọ́ńbà rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbìyànjú.

Ní Nàìjíríà, àjọ NAFDAC ń béèrè pé kí nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ ìparí àti nọ́ńbà bátìṣì wà lára rẹ̀. Kí ọjọ́ ìparí àti ìkòkò wà lára ọjà kan náà kò takora: èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ pé ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé téèpù bébà díẹ̀, kí ẹ kọ oṣù àti ọdún tí ẹ ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan sí i, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ óò rántí. Ẹ ò ní rántí. Èyí tí ẹ ti ṣí tipẹ́ tí ẹ ò mọ ọjọ́ rẹ̀ mọ́, òde ni kí ẹ fi wá a. Ìgbéyàwó ta ni ẹ torí ẹ̀ rà á? Aṣọ ẹbí wo ni ẹ fi bá a mu? Ọdún Iléyá wo ni? Bí ẹ bá rí i pé ìyàwó ọjọ́ náà ti bí ọmọ méjì báyìí, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ẹ ya olómi kúrò lára gbígbẹ

Ibi tí gbogbo ọ̀rọ̀ yìí pin sí nìyí. Ọbẹ̀ máa ń kan, gàrí kì í kan. Fàùndéṣọ̀n olómi, màsíkárà, áílánà olómi, concealer tí à ń fi bo àbàwọ́n, ìpara tí ẹ ń fi sábẹ́ àtíkè: ọbẹ̀ ni gbogbo wọn. Omi wà nínú wọn, kòkòrò tí ojú ò rí sì lè gbé inú omi kó máa bí sí i. Àtíkè, áíṣádò oníyẹ̀fun àti ìyẹ̀fun ẹ̀rẹ̀kẹ́, gàrí nìyẹn. Wọ́n lè dúró tó ọdún méjì bí ẹ kò bá ti búrọ́ọ̀ṣì tútù bọ̀ wọ́n. Ẹ sì mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí gàrí tí wọ́n fi ṣíbí tútù bù.

Àwọn ilé iṣẹ́ máa ń fi èròjà tí kì í jẹ́ kí kòkòrò pọ̀ sínú olómi, bíi phenoxyethanol tàbí paraben. Èròjà yìí kì í dúró títí láé. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ti ìka bọ̀ ọ́, ó ń bá kòkòrò tuntun jà. Ooru náà sì ń dín agbára rẹ̀ kù. FDA, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí a má ṣe tọ́jú ohun tí a ń lò sí ojú síbi tó bá gbóná ju nǹkan bíi ìwọ̀n 29 lórí Celsius lọ. Ẹ wo Èkó tàbí Ìbàdàn ní oṣù kejì sí oṣù kẹta: ọ̀sán máa ń kọjá 32. Èrò tèmi ni pé ẹni tí kò ní ẹ̀rọ amúlétutù nílé kò gbọ́dọ̀ lo olómi kankan kọjá iye oṣù tó wà lára ìkòkò rẹ̀, kódà fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó tilẹ̀ dín díẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ìpara àti fàùndéṣọ̀n àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní organic, tí ẹnìkan pò nílé pẹ̀lú òrí, omi ewé àti omi rose, ló ń bà mí lẹ́rù jù. Òrí nìkan lè pẹ́. Òrí tí wọ́n po omi mọ́ láì fi èròjà ìtọ́jú sí i kò ní ju ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ, bó ti wù kí wọ́n pọ́n ọn lé tó. Ẹ bi ẹni tó pò ó: kí lo fi sí i tí kò fi ní bàjẹ́? Bí kò bá rí ìdáhùn tó gbámúṣé fún yín, ẹ jẹ́ kó gbé e padà.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ojú

Bí ẹ bá máa ju nǹkan kan ṣoṣo nù lónìí, kó jẹ́ màsíkárà tí ẹ ti ṣí ju oṣù mẹ́ta lọ. Ẹ ronú sí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Igi rẹ̀ ń kan irun ìpéǹpéjú, ó ń kó kòkòrò tó wà níbẹ̀, a sì ń dá a padà sínú ìgò tó ṣókùnkùn, tó lómi, tó lọ́ wọ́ọ́wọ́. Lọ́la a tún fà á yọ. Àwọn míì tilẹ̀ máa ń fi igi náà gún inú rẹ̀ léraléra kó lè mú dáadáa. Atẹ́gùn ni wọ́n ń gún wọlé, ìyẹn sì ń mú kó tètè gbẹ. Ẹ máa yí i po jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ kí ẹ tó fà á jáde.

Tó bá ti gbẹ, ẹ má bu omi sí i. Ẹ má sì tu itọ́ sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, mo sì mọ̀ pé wọn ò ní sọ. Omi náà ń sọ èròjà ìtọ́jú inú rẹ̀ di aláìlágbára, itọ́ sì ń kó kòkòrò ẹnu lọ sí ojú. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Pseudomonas aeruginosa tó lè gbé inú màsíkárà tó ti bàjẹ́. Bí igi màsíkárà bá ha ẹyinjú tí kòkòrò yìí sì wọ ojú ọgbẹ́ náà, ó lè di egbò tó máa ba ìríran jẹ́. Bí igi bá gún yín lójú tí ojú náà sì ń ro yín lọ́jọ́ kejì, tó pọ́n, tí ìmọ́lẹ̀ ń pa á lára, ẹ lọ rí dókítà ojú lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kán oògùn tí ẹnìkan júwe.

Áílánà olómi: oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà. Áíṣádò tó rí bí ìpara: oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Pẹ́ńsùlù ojú lè tó ọdún kan sí méjì, nítorí pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbẹ́ ẹ, awọ tuntun ló ń yọ síta. Ẹ gbẹ́ ẹ kí ẹ tó lò ó, kì í ṣe ìgbà tí ẹnu rẹ̀ bá kú nìkan. Gúlúù irun ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ tó ti ń fà bí ọbẹ̀ ilá tàbí tó ń rùn, kò sí ohun tí ẹ tún fẹ́ fi ṣe.

Bí àpólò bá mú yín, gbogbo ohun olómi tí ẹ fi kan ojú láàárín ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún yín àti ọjọ́ tó san gbọ́dọ̀ lọ, ì báà jẹ́ àná ni ẹ rà á. Irun ìpéǹpéjú àlẹ̀mọ́ náà gbọ́dọ̀ lọ. Pẹ́ńsùlù lè là á já bí ẹ bá gbẹ́ ẹ wọlé dáadáa, tí ẹ sì fi sípíríìtì nu ṣápúnà tí ẹ fi gbẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n iye owó pẹ́ńsùlù kò tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ gbé ara ẹni sínú ewu.

Ẹ óò bi mí nípa tìróò. Gbígbẹ ni, kì í kan bí olómi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tìróò ju ọ̀rọ̀ ọjọ́ lọ. Ní 2011, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí òjé, irin tó jẹ́ májèlé, nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí wọ́n ń lé tìróò láti Nàìjíríà fún. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé kó 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Òjé kì í lọ́jọ́ tó ń parí. Ẹ má lé e fún ọmọ, ohun yòówù kí ìyá àgbà sọ.

Ojú tó kù, àti ètè

Fàùndéṣọ̀n tó wà nínú ìgò tí à ń tẹ̀ lórí máa ń pẹ́ ju èyí tí à ń ti ìka bọ̀ lọ, nítorí ọwọ́ ò dé inú rẹ̀. Ẹ fún ti inú ìgò ní ọdún kan, ti inú ìkòkò ní oṣù mẹ́fà sí méjìlá. Bí ẹ bá rí i tí òróró ti dá dúró lókè, ẹ má tíì bínú sí i; ẹ mì ín dáadáa. Bó bá pò padà, kò sí wàhálà. Bó bá tún pín lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí tó ń já ní kóro-kóro lẹ́yìn ọwọ́ yín bíi wàrà tó ti dì, ó ti kọjá lílò. Ẹ má fi èyí wé fàùndéṣọ̀n tó ń dúdú lójú lẹ́yìn wákàtí kan. Ìyẹn lè jẹ́ ìwà tirẹ̀ àti ti òróró awọ yín láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á; nọ́ńbà àwọ̀ mìíràn ni ẹ nílò.

Lípsítíìkì kò ní omi, nítorí náà òróró inú rẹ̀ ló ń bàjẹ́. Bí ẹ bá ṣí i lọ́sàn-án tí ẹ rí ẹ̀kán òróró wínníwínní lórí rẹ̀ bíi pé ó ń làágùn, ooru ló fà á. Ẹ fi tíṣù nù ún, kí ẹ gbé e síbi tó tutù. Ṣùgbọ́n ẹ gbóòórùn rẹ̀. Èyí tó bá ń rùn bí òróró ẹ̀pà tí wọ́n ti fi dín àkàrà lọ́jọ́ púpọ̀ ti lọ. Ọdún kan sí méjì ni ó yẹ kó lò. Lípgílọ́ọ̀sì kò tó bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́fà sí méjìlá, torí igi rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ láàárín ẹnu àti ìgò bíi ti màsíkárà.

Àtíkè tí ojú rẹ̀ ti le, tó ń dán, tí búrọ́ọ̀ṣì ò lè mú nǹkan lórí rẹ̀ mọ́, òróró ojú yín ló bò ó. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn kí ẹ fà á ya. Awọ líle náà á bá a jáde, iyẹ̀fun abẹ́ rẹ̀ á sì mú. Bó bá ti ju ọdún méjì lọ, tàbí tí ẹ rí èéhù lórí rẹ̀, ẹ má ṣe àtúnṣe kankan.

Èyí tí ọkàn yín ò fọkàn tán tí ọjọ́ rẹ̀ ò sì tíì pé, ẹ fi díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, nítòsí etí, kí ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ibẹ̀ bá yún, tó pọ́n tàbí tó sú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ohun tí à ń lò sí ẹyinjú tàbí ìpéǹpéjú ni a kì í dán wò báyìí. Tí ẹ bá ṣiyèméjì nípa rẹ̀, ẹ jù ú nù.

Fóòmù ló burú jù

Ní 2019, Yunifásítì Aston ní ìlú Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gba ohun ìṣaralóge tí àwọn obìnrin ṣì ń lò lọ́wọ́, wọ́n yẹ lípgílọ́ọ̀sì, lípsítíìkì, màsíkárà àti fóòmù tí wọ́n fi ń pa fàùndéṣọ̀n wò. Nǹkan bíi mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni wọ́n bá kòkòrò lára rẹ̀, E. coli wà níbẹ̀, Staphylococcus aureus náà wà níbẹ̀. Fóòmù ló gba ipò kìíní: 93 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọn ò fọ̀ rí, àwọn olóhun sì jẹ́wọ́ pé 64 nínú ọgọ́rùn-ún ti já bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tí wọ́n sì tún ń lò ó lọ.

Bí ẹ bá ní fóòmù tó ti pẹ́, ẹ fi bíléèdì là á sí méjì. Òde rẹ̀ lè mọ́ fínnífínní, kí inú rẹ̀ ní àmì dúdú tóótòòtó níbi tí omi ti ń jókòó. Èéhù nìyẹn, òun ni ẹ fi ń lu ojú láràárọ̀.

Gbogbo ìgbà tí ẹ bá lo fóòmù ni kí ẹ fọ̀ ọ́, pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ ọmọdé, kí ẹ fún un títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kí ẹ sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ má dé e mọ́ inú ike ní tútù. Oṣù mẹ́ta, ẹ ra òmíràn. Búrọ́ọ̀ṣì, ẹ fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ gbalaja tàbí kí ẹ dorí rẹ̀ kodò láti gbẹ, kí omi má baà ṣàn wọ ibi tí wọ́n fi gúlúù lẹ irun rẹ̀ mọ́ igi.

Ibi tí ẹ óò kó èyí tó kù sí

Balùwẹ̀ kọ́, ọ̀rinrin pọ̀ níbẹ̀. Ojú fèrèsé kọ́. Ọkọ̀ ló burú jù: ọkọ̀ tí wọ́n gbé sí oòrùn pẹ̀lú gíláàsì rẹ̀ ní títì máa ń gbóná ju ìta lọ dáadáa, nítorí náà olómi èyíkéyìí tó ti ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi kì í wo àmì ìkòkò rẹ̀ mọ́, mo ń jù ú nù ni. Dúrọ́ọ̀ kan nínú yàrá tó tutù jù nínú ilé ti tó. Fíríìjì? Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, tútù-gbígbóná yẹn máa ń mú omi sẹ̀ sínú ìdérí. Mi ò fọwọ́ sí i.

Tí ẹ bá dé ọjà

Ẹ má mú èyí tó wà níta níbi tí oòrùn ti ń pa á láti àárọ̀, kódà bí òun ni ọlọ́jà ń nà sí yín. Ẹ ní kó mú òmíràn wá láti inú páálí. Ẹ wo èdìdì rẹ̀. Ẹ fi ìka pa ojú ibi tí wọ́n tẹ ọjọ́ sí: bí yíǹkì rẹ̀ bá ń ṣí kúrò, tàbí tí sítíkà kan bá wà lórí sítíkà, ẹ gbé e kalẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára páálí àti èyí tó wà lára ìgò gbọ́dọ̀ bára mu. Ohun tí wọ́n fi ń dán àwọ̀ wò fún gbogbo oníbàárà, ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí ẹ fi kàn, kì í ṣe ètè.

Ẹni tó bá ń pe oníṣẹ́ ìkunjú wá sílé, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyàwó, ìyá ìyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó, gbogbo wọn lórí àga kan náà. Ẹni tó mọṣẹ́ á fi igi pẹlẹbẹ bu fàùndéṣọ̀n sórí páànù, á lo igi màsíkárà tuntun fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kò sì ní fi ẹnu fẹ́ búrọ́ọ̀ṣì. Bí ẹ bá rí màsíkárà kan tó ń kiri láti ojú dé ojú, ẹ fi ẹ̀rín sọ fún un pé, “Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí, tèmi wà nínú báàgì, ẹ bá mi lò ó.” Kò sí ẹni tó máa bínú sí ìyẹn.

Jíjù ú nù

Ohun tí kò dára fún ojú yín kò dára fún àbúrò yín tàbí ọmọ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ nílé. Ẹ má fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹ má dà á sínú ọpọ́n ìfọwọ́ pẹ̀lú. Òróró àti ìda inú rẹ̀ á dí páìpù. Ẹ fi tíṣù fa olómi inú rẹ̀ jáde, kí ẹ wé e sínú ọ̀rá. Ìgò tó lórúkọ ńlá, ẹ ya lébẹ́ẹ̀lì rẹ̀, kí ẹ fi máàkà kun ibi tí orúkọ wà, kí ẹ fọ́ ìdérí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣà á lórí ààtàn, kó rọ nǹkan mìíràn sínú rẹ̀, kó sì tún tà á gẹ́gẹ́ bí ojúlówó. Bó bá jẹ́ pé lẹ́yìnkùlé ni ẹ ti ń sun pàǹtí, ẹ yọ ohun ìkun èékánná, lọ́fínńdà àti agolo tí à ń fọ́n sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń kó pàǹtí. Iná máa ń ràn mọ́ wọn kíákíá, agolo yẹn sì lè bú gbàù.